Àmì Kẹ̀kẹ́ Lára Ilẹ̀kùn Kò Tó

Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí wọ́n ya àwòrán kẹ̀kẹ́ arọ sí lẹ́nu ọ̀nà ní ilẹ̀ Bírítéènì kì í tóbi. Ìwọ̀n tí ìlànà ilé kíkọ́ ibẹ̀ là sílẹ̀ fún un ni mítà 1.5 ní ìbú àti mítà 2.2 ní òró. Àwo ìgbọ̀nsẹ̀ wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú àwọn irin ìdìmú, bàsíà kékeré tí ọwọ́ lè tó láti orí àwo náà, àti okùn pupa tí ènìyàn lè fà bí ó bá ṣubú. Ohun kan ni gbogbo ètò yìí dá lé: pé apá ẹni tó wọlé ṣì lágbára tó láti di irin mú, kí ó sì ti ara rẹ̀ kúrò lórí kẹ̀kẹ́ bọ́ sórí àwo. Ilé náà wúlò gidigidi fún ẹni tó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò lè dìde, tí kò lè jókòó láìsí ẹni tó fẹ̀yìn tì, tí ọrùn rẹ̀ pàápàá kò dúró, kò sí ohun tí irin ìdìmú fẹ́ ṣe fún un.

Irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ pọ̀ ju bí ojú ṣe ń rí wọn lọ. Lára wọn ni àwọn tí ọpọlọ wọn farapa nígbà ìbí, tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọn kò fi gbọ́ tiwọn. Àwọn tí àrùn ń jẹ iṣan wọn díẹ̀díẹ̀ láti kékeré. Àwọn tí eegun ẹ̀yìn wọn ṣẹ́ nínú ìjàǹbá ọkọ̀. Àwọn tí rọpárọsẹ̀ kọlù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lo ìlédìí àgbàlagbà, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní pampers, wọ́n sì gbọ́dọ̀ dùbúlẹ̀ gbalaja kí ẹlòmíràn tó lè bá wọn pààrọ̀ rẹ̀. Àwọn mìíràn kì í lo ìlédìí rárá. Wọ́n mọ ìgbà tí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n wọ́n, wọ́n sì lè mú un dúró. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ kò ju kí ẹ̀rọ gbé wọn láti orí kẹ̀kẹ́ dé orí àwo lọ. Nílé tiwọn, ẹ̀rọ yẹn wà, ibùsùn wà, àyè wà. Tí wọ́n bá ti jáde, ó tán.

Èrò tó gbilẹ̀ láàárín àwọn onílé ìtajà, àwọn ayàwòrán ilé, àwọn ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ àti ọ̀pọ̀ ará ìlú ni pé ọ̀rọ̀ àwọn aláàbọ̀ ara ti yanjú níbi tí àmì kẹ̀kẹ́ bá ti wà lára ilẹ̀kùn. Bí ẹnìkan bá ní kò tó, ohun mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń fi dá a lóhùn: àwọn tó nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ kò tó nǹkan, owó rẹ̀ ti pọ̀ jù, ìlédìí sì wà nídìí wọn, kí wọ́n fara dà á títí wọn yóò fi délé. Ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ti mọ́ ẹnu lára débi pé àwọn ẹni rere tí kò kórìíra ẹnikẹ́ni náà ń sọ wọ́n. Kò sí èyí tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ nínú wọn, ẹ̀kẹta ló sì burú jù.

Ohun tí ìdílé ń bá yí nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ alámì kẹ̀kẹ́ nìyí. Ìyá kan ti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún 16, wọlé. Ọmọ náà ti ga tó bàbá rẹ̀, ó sì ti wúwo tó o. Kẹ̀kẹ́ rẹ̀ nìkan ti gba púpọ̀ nínú ilẹ̀ náà. Pákó kan wà lára ògiri tí wọ́n ń fà wálẹ̀ láti fi pààrọ̀ ìlédìí, ṣùgbọ́n ọmọ ọwọ́ ni wọ́n ṣe é fún. Bí wọ́n bá gbé ọmọ ọdún 16 lé e, yóò já. Ilẹ̀ nìkan ló kù. Ìyá tẹ́ kóòtù rẹ̀ tàbí ọ̀rá sórí táìsì tí ìtọ̀ ẹlòmíràn ti ta sí, tí bàtà gbogbo ayé ti gbé ẹrẹ̀ ìgboro wá sí. Ó ki ọwọ́ bọ abíyá ọmọ. Ẹlòmíràn, bí ẹlòmíràn bá wà, gbé e ní orúnkún. Wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Orí ọmọ wà lẹ́bàá ìdí àwo ìgbọ̀nsẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ta ilẹ̀kùn. Ìyá kúnlẹ̀, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó nù ún, ó fi tuntun wọ̀ ọ́, àwọn ènìyàn sì ń kan ilẹ̀kùn lóde. Gbígbé e padà sórí kẹ̀kẹ́ ló le jù, nítorí pé láti ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni wọ́n ti fẹ́ gbé ẹni tí kò lè fi ìka kan ran ara rẹ̀ lọ́wọ́. Ọmọ ọdún 16 kì í ṣe ọmọ ọwọ́. Ó mọ̀ pé ibi tí àwọn ẹlòmíràn ń fi bàtà tẹ̀ ni wọ́n gbé orí òun lé.

Pákó ara ògiri yẹn gan-an ti dá ẹjọ́ náà. Àwùjọ ti gbà tipẹ́tipẹ́ pé kò bójú mu kí a tẹ́ ọmọ ènìyàn sórí ilẹ̀ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ láti pààrọ̀ ìlédìí rẹ̀, ìdí nìyẹn tí pákó náà fi wà. Ní Amẹ́ríkà, Ààrẹ Barack Obama fọwọ́ sí òfin kan ní ọdún 2016 tó ní kí irú rẹ̀ wà fún ọkùnrin àti obìnrin nínú àwọn ilé ìjọba àpapọ̀ tí ará ìlú ń wọ̀. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹni tí òfin bẹ́ẹ̀ rántí àti ẹni tó gbàgbé kò ju ọjọ́ orí àti ìwúwo lọ. Ẹ̀tọ́ tí ènìyàn ní ní ọmọ oṣù mẹ́fà kò yẹ kó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí pé ó dàgbà.

Ọdún 2006 ni ìpolongo tí wọ́n ń pè ní Changing Places bẹ̀rẹ̀ ní Bírítéènì. Lára àwọn ẹgbẹ́ tó ti gbé e ró ni Mencap, PAMIS tó wà ní Dundee ní ilẹ̀ Scotland, àti Muscular Dystrophy UK. Wọn kò bẹ̀bẹ̀ fún irin ìdìmú mìíràn. Yàrá ọ̀tọ̀ ni wọ́n ní kí wọ́n kọ́. Òṣùwọ̀n BS 8300, tí àwọn akọ́lé ibẹ̀ ń tẹ̀ lé, ní kí yàrá náà tó mítà mẹ́ta ní mítà mẹ́rin. Ibùsùn tí àgbàlagbà lè nà gbọọrọ lé wà níbẹ̀, ó sì ń lọ sókè sódò. Ẹ̀rọ agbéni rọ̀ láti òkè àjà, lórí irin tí ó ń rìn lé. Àwo ìgbọ̀nsẹ̀ kò há sí kọ̀rọ̀. Àyè wà ní ọ̀tún àti òsì rẹ̀ kí olùtọ́jú méjì lè dúró. Bàsíà náà ń lọ sókè sódò. Ìbòjú wà, kí olùtọ́jú lè yà sẹ́yìn fún ẹni tó fẹ́ dá wà díẹ̀. Bébà fífẹ̀ tí wọ́n ń tẹ́ sórí ibùsùn wà, àti garawa ńlá tí ìlédìí àgbàlagbà lè wọ̀.

Lílò rẹ̀ kò ní wàhálà. Oníkẹ̀kẹ́ a máa mú ọ̀já tirẹ̀ wá láti ilé, ìyẹn aṣọ líle tó ní okùn ní àwọn igun rẹ̀. Olùtọ́jú a ti ọ̀já náà bọ ẹ̀yìn rẹ̀ títí kan ìdí, a fa apá ìsàlẹ̀ rẹ̀ gba abẹ́ itan méjèèjì, a sì fi àwọn okùn náà kọ́ ẹ̀rọ. Ó tẹ bọ́tìnì, ẹ̀rọ gbé ẹni náà kúrò lórí àga jẹ́jẹ́, ó tì í lọ sórí ibùsùn tàbí sórí àwo, ó sọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà ni yóò gbé ibùsùn sókè títí yóò fi bá a ní ìbàdí, kí ó má bàa tẹ̀ba ṣiṣẹ́. Kò sí ẹni tó kúnlẹ̀, kò sí ẹni tó fi ẹ̀yìn gbé ẹrù, kò sí ẹni tí orí rẹ̀ kan ilẹ̀. Ohun kan tún wà nínú òṣùwọ̀n náà tí àwọn onílé máa ń fò dá: yàrá yìí jẹ́ àfikún, kò gba ipò ilé ìgbọ̀nsẹ̀ alámì kẹ̀kẹ́. Ẹni tó lè yí ara rẹ̀ ṣì nílò irin ìdìmú tirẹ̀, kò sì yẹ kó dúró lórí ìlà nítorí pé ẹlòmíràn wà lórí ibùsùn.

Ní ti pé wọn kò tó nǹkan, ìjọba Bírítéènì fúnra rẹ̀ ti sọ pé àwọn tó nílò irú yàrá bẹ́ẹ̀ lórílẹ̀-èdè náà ju 250,000 lọ. Ẹni tó bá bi ọ̀gá ilé ìtajà kan léèrè yóò gbọ́ pé òun kò rí irú wọn rí. Òótọ́ ló ń sọ. Kò lè rí wọn, nítorí pé ẹni tó mọ̀ pé kò sí ibi tí òun ti lè tọ̀ kì í wá. Ó ṣírò wákàtí tí ìlédìí kan lè gbà, ó yọ wákàtí ọ̀nà àlọ àti àbọ̀ kúrò, ó sì rí i pé ohun tó kù kò tó ra bàtà. Ilé tí kò gba ènìyàn wọlé ń fi àìwá rẹ̀ ṣe ẹ̀rí pé kò sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ láyé. Irú ẹ̀rí yìí kò bófin mu, kò sì bọ́gbọ́n mu, síbẹ̀ òun ni wọ́n fi ń pinnu ibi tí owó ilé yóò lọ. Ẹni tó ń ka oníkẹ̀kẹ́ nìkan tún gbàgbé pé oníkẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í dá jáde. Bí ọmọ kan kò bá lè lọ sí ọgbà ẹranko, bàbá, ìyá àti àwọn àbúrò rẹ̀ náà kò lọ nìyẹn, àfi kí ẹnìkan jókòó tì í nílé.

Ìtàn ogún ọdún tó kọjá fi hàn pé àwọn ènìyàn ń jáde bí yàrá ṣe ń pọ̀. Ní 2007, nǹkan bíi 140 ló wà ní gbogbo Bírítéènì; wọ́n ti ju 2,000 lọ báyìí. Àwọn ìdílé ti ń wo àwòrán ilẹ̀ tí wọ́n to àwọn yàrá náà sí kí wọ́n tó yan ibi tí wọn yóò ti lo ìsinmi, wọ́n ń yan ìlú tó ní in, wọ́n sì ń fi ìlú tí kò ní in sílẹ̀. Onílé tó bá ní kò sí ẹni tó ń béèrè rẹ̀ kò tíì gbọ́ ohùn àwọn tó ti gba ọ̀nà ibòmíràn lọ.

Ọ̀rọ̀ owó kò gùn. Ìjọba Bírítéènì ya £30 mílíọ̀nù sọ́tọ̀ fún àwọn yàrá yìí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nínú ètò ìṣúná ọdún 2020. Ní 2022, wọ́n pín £23.5 mílíọ̀nù nínú rẹ̀ fún ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀ 191 láti fi kọ́ yàrá tó ju 500 lọ. Bí a bá pín in dọ́gba, owó ìjọba tó lọ sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò tó £47,000. Ní ti àyè, mítà 12 níbùú lóròó jẹ́ ìdá kan nínú 2,500 fún ilé ìtajà tó ní mítà 30,000. Ẹni tó rí owó kọ́ ilé tó tóbi tó bẹ́ẹ̀, tó rí owó ṣe àtẹ̀gùn tó ń fúnra rẹ̀ gùn sókè fún àwọn tí ẹsẹ̀ wọn le, kò lẹ́nu láti sọ pé ìdá kan nínú 2,500 ni yóò sọ òun di onígbèsè.

Èsì kẹta, pé kí wọ́n fara dà á, ni kò yẹ kí ènìyàn sọ lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbọ̀nsẹ̀ tó pẹ́ lára a máa bó awọ, awọ tó bó lára ẹni tó ń jókòó sójú kan látàárọ̀ a sì máa di egbò tí kì í jinná bọ̀rọ̀. Àwọn tí kì í lo ìlédìí ní ọ̀nà tiwọn: wọn kì í mu omi. Bí wọ́n bá fẹ́ jáde lọ́sàn-án, láti àárọ̀ ni wọ́n ti ń gbẹ ọ̀nà ọ̀fun, ìtọ̀ wọn a ki, àrùn a wọ inú àpò ìtọ̀, kíndìnrín a máa jìyà rẹ̀. Àwọn obìnrin kan ní Bírítéènì ti gbà kí dókítà lu ikùn wọn, kí ó fi rọ́bà sí àpò ìtọ̀ wọn, kì í ṣe nítorí pé àpò ìtọ̀ náà ń ṣàìsàn, bí kò ṣe nítorí pé kò sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí wọ́n lè lò níbi iṣẹ́ àti ní ìgboro. Iṣẹ́ abẹ lára ẹni tí àpò ìtọ̀ rẹ̀ dá ṣáṣá! Ẹ̀rọ tí kò sí lára àjà ilé ni wọ́n fi abẹ rọ́pò lára ènìyàn, àwọn tó ń sọ pé kí wọ́n fara dà á kò sì mọ̀ pé ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń já sí nìyẹn.

Ara olùtọ́jú náà wà nínú ìṣirò. Láti 1992 ni òfin ti wà ní Bírítéènì tó ní kí agbanisíṣẹ́ yẹra, níbi tó bá ti ṣeé ṣe, fún fífi ọwọ́ gbé ohun tó lè ṣe òṣìṣẹ́ léṣe. Nítorí òfin yìí, nílé ìwòsàn àti nílé àwọn arúgbó, ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń gbé ẹni tí kò lè dìde. Òṣìṣẹ́ tó bá fi ọwọ́ gbé e yóò rí ìjà ọ̀gá. Òṣìṣẹ́ kan náà, pẹ̀lú ẹni kan náà, bí wọ́n bá dé ilé ìtajà lọ́sàn-án, ọ̀nà méjì ló kù fún un: kí ó rú ìlànà iṣẹ́ rẹ̀, tàbí kí ó fi ẹni tó ń tọ́jú sílẹ̀ nínú ẹ̀gbin. Ọ̀rọ̀ yìí kan ọmọ Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Láti oṣù kejì ọdún 2022, nígbà tí Bírítéènì ṣí físà àwọn òṣìṣẹ́ ìtọ́jú sílẹ̀ fún iṣẹ́ títọ́jú ẹni, tí wọ́n ń pè ní kíà, títí di oṣù keje ọdún 2025 tí wọ́n ti ilẹ̀kùn náà fún àwọn tuntun láti òkè òkun, Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí òṣìṣẹ́ ti wá síbẹ̀ jù lọ. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ti kẹ̀kẹ́ kiri ìgboro Lọ́ńdọ́ọ̀nù àti Manchester, tó ń kúnlẹ̀ lórí táìsì yẹn, ọmọ Èkó, ọmọ Ìbàdàn, ọmọ Oṣogbo ni. Bí ẹ̀yìn wọn bá bàjẹ́ lẹ́ni ọdún 35, iṣẹ́ tí wọ́n fi ń bọ́ ará ilé ti lọ nìyẹn.

Òfin ti ń gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò, ṣùgbọ́n ààbọ̀ ọ̀nà ló dúró sí. Scotland ló kọ́kọ́ fi í sínú òfin ilé kíkọ́ tirẹ̀, ní 2019. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2021, ilé ńlá tuntun tí ará ìlú ń lò gbọ́dọ̀ ní yàrá náà: gbọ̀ngàn tó gba ènìyàn 350 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọgbà ìtajà tó tó mítà 30,000 níbùú lóròó, ilé ìwòsàn, ibi ìsìnkú. Australia ti fi í sínú òfin ilé kíkọ́ ní 2019 fún àwọn ilé ìtajà ńláńlá, pápá ìṣeré àti pápákọ̀ òfurufú, òfin ọkọ̀ òfurufú tí Amẹ́ríkà ṣe ní 2024 sì béèrè rẹ̀ ní àwọn pápákọ̀ tó tóbi. Gbogbo èyí dára. Àléébù tó wà nínú ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni pé ilé tuntun àti ilé tí wọ́n ń tún kọ́ pátá ló mú. Púpọ̀ nínú àwọn ilé tí ènìyàn ń wọ̀ lójoojúmọ́ ti wà ṣáájú 2021, wọn yóò sì wà fún ogójì ọdún sí i. Fún irú ilé bẹ́ẹ̀, òfin ìdọ́gba, Equality Act ti 2010, nìkan ló kù, èyí tó ní kí olùpèsè ṣe àtúnṣe tó bá mọ níwọ̀n. Gbólóhùn yẹn ni àwọn onílé ń sá sábẹ́ rẹ̀, nítorí pé ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó mọ níwọ̀n gbọ́dọ̀ pe ẹjọ́ fúnra rẹ̀, pẹ̀lú owó ara rẹ̀, kí ó tó lè tọ̀. Ohun tó yẹ ni kí òfin dá ọjọ́ fún àwọn ilé ńlá tó ti wà tẹ́lẹ̀, bẹ̀rẹ̀ láti orí ilé ìwòsàn, ibùdókọ̀ ojú irin àti ibi ìsinmi ojú ọ̀nà márosẹ̀.

Yàrá tí wọ́n kọ́ tán pàápàá lè má wúlò. Àwọn òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó a máa kó garawa àti ìgbálẹ̀ sí i nítorí pé ó fẹ̀; bátìrì ẹ̀rọ agbéni a kú láìsí ẹni tó mọ̀; kọ́kọ́rọ́ a wà lọ́wọ́ ẹnìkan tó ti lọ jẹun. Láti 1981 ni ètò kọ́kọ́rọ́ kan ti wà ní Bírítéènì tí aláàbọ̀ ara lè fi ṣí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé ìgbọ̀nsẹ̀ káàkiri, nítorí náà àwíjàre àwọn tó ń tì í pa, pé àwọn ọmọ ìta yóò ba yàrá náà jẹ́, ti ní ìdáhùn tipẹ́.

Nàìjíríà ní òfin tirẹ̀. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin àwọn aláàbọ̀ ara ní 2011. Ti ìjọba àpapọ̀, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019, fún àwọn tó ni ilé tí ará ìlú ń lò ní ọdún márùn-ún láti tún wọn ṣe. Ọdún márùn-ún náà ti pé ní oṣù kìíní ọdún 2024. Àríyànjiyàn ibẹ̀ ṣì wà lórí àtẹ̀gùn àti ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ lè gbà wọlé, ọ̀pọ̀ sì gbà pé bí kẹ̀kẹ́ bá ti wọlé, ó parí. Èrò mìíràn tún wà tó jẹ́ ti ilé: pé mọ̀lẹ́bí wà tí yóò gbé e. Mọ̀lẹ́bí ń gbé e lóòótọ́. Ìyá tó ń pọn ọmọ ọdún mẹ́rin lè máa ṣe bẹ́ẹ̀ láìmí gúlegúle, ṣùgbọ́n ọmọ náà yóò di ẹni ogún ọdún, ìyá yóò sì di ẹni ọgọ́ta. Nígbà náà ni àwọn méjèèjì yóò jókòó sílé, tí ará àdúgbò yóò máa ròyìn pé wọ́n ń tì í mọ́lé nítorí ìtìjú.

Àìsí iná ní Nàìjíríà kò tó láti fi sọ pé kò ṣeé ṣe. Bátìrì ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ agbéni ń lò, iná kàn ń gbà á ni, ilé ìwòsàn tó ń fi sólà tàbí jẹnẹrétọ̀ tan fìríìjì oògùn lè gba bátìrì bẹ́ẹ̀. Níbi tí ẹ̀rọ kò bá tíì sí, ibùsùn tó lágbára, tó ga dé ìbàdí, nínú yàrá tó mọ́ tó sì ní omi, ti mú orí ènìyàn kúrò nílẹ̀. Ilé ìwòsàn ńlá ló yẹ kó ṣáájú, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹni tí kò lè dìde ti ń dúró láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ kí dókítà tó rí i. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ilé ẹjọ́, pápákọ̀ òfurufú, ibùdókọ̀ àti àwọn ibùdó àdúrà ojú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ń kó aláìsàn wọn lọ. Ọ́fíìsì tó ń buwọ́ lu àwòrán ilé ni ó yẹ kó máa béèrè mítà 12 náà kí wọ́n tó fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀, nígbà tí kò tíì sí ògiri tí ẹnikẹ́ni máa wó.